Ẹ Bi Wá: Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn ò ná owó ní Ayétòrò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ayétòrò ti Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Òndó, ni wọ́n bí ìyá ìyá mi sí, ọ̀dọ̀ wa l'Ákùrẹ́ ni mama wá ń gbé báyìí torí òkun ti gbé ilé wọn lọ. Mama máa ń sọ pé nígbà táwọn wà lọ́mọdé kò sẹ́ni tó ń ná owó nílùú yẹn, pé ẹja tẹ́nikẹ́ni bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Àwọn àbúrò mi á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ogbó ló ń ṣe mama. Ṣé òótọ́ ni? Àti pé kí ló dé tí òkun fi ń jẹ ìlú yẹn gan-an?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, sọ fáwọn tó ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mama kí wọ́n gbọ́ dáadáa, torí òótọ́ pọ́ńbélé ni mama ń sọ. (Ayétòrò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá o, ti Yewa wà ní Ògùn, òmíì wà ní Kogí, kò sóhun tó kan àwọn yẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí.) Oṣù kìíní ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú mama dó. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tó wà nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, ìgbàgbọ́ wọn ò bá ti àwọn ará ìlú mu, wọ́n ṣe inúnibíni sí wọn títí tó fi sú wọn, ni wọ́n bá kó ẹrù sínú ọkọ̀ wọ́n forí lé etí òkun níbi tẹ́nikẹ́ni ò dù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bar Beach nìkan lẹ máa rò pé iyanrìn funfun ni gbogbo etí òkun, àmọ́ ẹrẹ̀ ni ti Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ dúdú tó ń gbé ẹsẹ̀ mì, orí òpó igi ni wọ́n kọ́lé sí, pákó ni wọ́n sì tẹ́ láti ilé dé ilé kéèyàn lè rìn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní ohun gbogbo máa jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Apẹja tó bá ti òkun dé ò gbé ẹja lọ ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọ ló ń gbé e lọ, owó tí wọ́n bá rí níbẹ̀ inú àpò kan náà ló ń wọ̀, àpò yẹn náà ló ń bọ́ gbogbo wọn tó ń daṣọ fún wọn. Àwọn kan ń pẹja, àwọn kan ń kan ọkọ̀, àwọn kan ń hunṣọ, ń ránṣọ, ń ṣe búrẹ́dì, ń ṣe bàtà. Ọba ìlú náà ni olórí ìjọ. Mo fẹ́ káwọn àbúrò ẹ gbọ́ èyí dáadáa: láàrin irà yẹn, láti 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ látinú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fowó ara wọn rà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan fìtílà. Nígbà tó fi máa di òpin àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí kálukú máa ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ kó sì máa ná owó ara ẹ̀.

Ti òkun wá ni ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ò lágbára níwájú ìgbì, òkun náà ń ga sí i kárí ayé, iyanrìn tí ì bá máa dí etí omi ò wá tó, àwọn kánààlì tí wọ́n gbẹ́ láyìíká ibẹ̀ nítorí epo rọ̀bì tún ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀ wọnú irà, igi tó di ilẹ̀ mú wá ń kú. Láti 2004 ni gọ́fúmẹ́ńtì ti gbé kọ́ntíráàtì jáde pé kí wọ́n dínà omi, wọ́n tún gbé e fún ẹlòmíì lẹ́yìn náà, òkun ṣì ń wọlé bọ̀. Mo wọkọ̀ lọ láti Ìgbókọ̀dá, mo bá ìyá kan tó ń sá edé, ó fi ìgbálẹ̀ tó fi ń gbá edé jọ nàka sí ojú omi, ó ní "ibẹ̀ lojúlé wa," mo wò, òpó mẹ́ta péré ló yọrí, ẹyẹ bà lé ọ̀kan. Ó tún na ìgbálẹ̀ náà síwájú díẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni itẹ́ òkú. Àwọn tó tẹ̀lú dó gbàgbọ́ nígbà yẹn pé àwọn ò ní kú rárá. Wọ́n kú, wọ́n sin wọ́n, omi wá kó ibojì náà lọ.

Nítorí náà gbé fóònù ẹ, tẹ rẹ̀kọ́dà, bi mama pé iṣẹ́ wo ni wọ́n pín fún ìyá wọn, àti ta ló ń pín oúnjẹ.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo etí omi tí mo bá dé ni mo ti ń bá Ìlàjẹ? Mo bá wọn ní Màkókó, mo tún bá wọn lọ́nà Bayelsa.

ÌDÁHÙN: Ẹja ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹja kì í dúró sójú kan jálẹ̀ ọdún, apẹja á kó àwọ̀n tẹ̀ lé e, á fi pákó àti ọ̀pá pa àgọ́ tó máa sùn fún sáà yẹn, ìyàwó á wá bá a torí ẹni tó máa yan ẹja, ọmọ á dé, ọdún díẹ̀ sí i wọ́n á ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àgọ́ ti di abúlé nìyẹn. Ní Màkókó, àwọn àti Ègùn ni wọ́n jọ ń gbé. Bó o bá tún padà lọ, béèrè orúkọ abúlé tí bàbá wọn ti wá, wọ́n á dá ẹ lóhùn kíá, kódà àwọn tí wọn ò tíì débẹ̀ rí.