Ẹsẹ̀ Màámi Ń Wọ́ Nílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́jọ rèé tí rọpárọsẹ̀ ti mú màámi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, imú bàtà ti jẹ tán. Àbúrò mi ní wọ́n ń fi iná sí ẹ̀yìn kí èèyàn lè rìn. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Kẹ́mi, Mápó

Òótọ́ ni, Ìyá Kẹ́mi, àmọ́ kì í ṣe iná NEPA o! Wọ́n lè lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ awọ ẹ̀yìn, kí iná wẹ́wẹ́ máa ta iṣan inú eegun ẹ̀yìn jí bí aláìsàn ṣe ń rìn. Iná nìkan ò tó; ìrìn yẹn gan-an niṣẹ́. Wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Ẹ gbé màámá lọ bá àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, kí ẹ sì mú bàtà yẹn dání.