Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Ìyá Tísà: Su-Lee Oníwèé Pupa

Ìyá Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé obìnrin tó ṣe Su-Lee nínú Mind Your Language, eré apanilẹ́rìn-ín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa kíláàsì àwọn àjèjì tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti jáde láyé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé bó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú eré yẹn ló ṣe ń sọ ọ́ nílé? Ìdí tí mo fi béèrè ni pé èmi àti ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́. Ó ní eré tó ń fi àjèjì ṣẹ̀sín ni, pé kò yẹ kí n ṣì máa rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí eré yẹn ni gbogbo ilé wa máa ń jókòó wò nígbà tí bàbá mi wà láyé. — Òǹkàwé yín, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Òótọ́ ni o, àbúrò mi. Pik-Sen Lim ni orúkọ rẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ló kú, ẹni ọdún 80 ni. Ẹ̀wà ni mò ń ṣà nígbà tí mo gbọ́. Mo gbé igbá sílẹ̀, n kò sì tètè gbé e mọ́.

Kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ nílé rárá. Penang ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1944, erékùṣù kan lára ilẹ̀ tí à ń pè ní Màléṣíà lónìí. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ibẹ̀ wà bíi tiwa. Ọdún 1957 ni wọ́n gba òmìnira, ọdún mẹ́ta ṣáájú wa. Ọ̀dọ́ ló ṣì jẹ́ tó fi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì ti ṣe eré títí tó fi darúgbó. Lọ́dún 1971, kí ẹnikẹ́ni tó mọ Su-Lee, ó ṣe ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Captain Chin Lee nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọkọ rẹ̀, Don Houghton, ló kọ ìtàn ọ̀hún. Bó o bá lè rí i wò, wò ó. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ níbẹ̀ mọ́ gaara bí omi àmù.

Nítorí náà, “l” tó máa ń fi rọ́pò “r” nínú kíláàsì Mr Brown, tísà inú eré náà, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ìyẹn gan-an ló máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀. Ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ní láti kọ́kọ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí àwọn tó ni iṣẹ́ tó fún un níṣẹ́. Fún ìdí èyí, má bá ọmọ rẹ jà. Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ìparí ọdún 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré náà ní London Weekend Television, Vince Powell ló ronú rẹ̀ jáde. Nígbà tó fi di 1979, Michael Grade tó wà lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀ dá a dúró. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ń fi àwọn ẹ̀yà hàn kò bójú mu. Eré náà ṣì ń fa èrò o! Nítorí náà, kì í ṣe ọmọ rẹ ló kọ́kọ́ rí i.

Àmọ́ apá kejì wà tí ọmọ rẹ kò lè mọ̀, torí kò jókòó sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí. Èmi jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin tó ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Bí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn télọ̀ àti àwọn awakọ̀ á wọlé, wọ́n á ká orúnkún mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí NÉPÀ bá mú iná lọ, a ó tan àtùpà, a ó sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ìyá kan wà nínú wọn tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Ìyẹ̀fun èlùbọ́ kì í tán lára ìró rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń di ọ̀bẹ mú tó bá ń bẹ iṣu ló ṣe ń di pẹ́ńsù mú, àtàǹpàkò rẹ̀ á tẹ orí pẹ́ńsù títí ẹnu rẹ̀ á fi kán. Ní ọjọ́ kan mo kọ “shop” sára pátákó, mo ní kó pè é. Ó pè é ní “sọ́ọ̀bù”. Arákùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé àwa ọmọ Ìbàdàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ya “ṣ” kúrò lára “s”, tí àwọn ará ìlú mìíràn sì ti fi ń pa wá lẹ́rìn-ín tipẹ́? Ìyá náà kò wo ẹ̀yìn. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní, “Sọ́ọ̀bù ni tèmi o. Owó ni mo sì ń pa níbẹ̀.” Ó yíjú sí mi, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló wọlé pẹ̀lú ìdùnnú, kò tíì jókòó tó fi ní, “Tísà, mo rí kíláàsì wa nínú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ àná!” Kò ní tẹlifíṣọ̀n. Ojú fèrèsé onílé rẹ̀ ló dúró sí tó ti ń wò ó. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. Ó mọ Ranjeet tó máa ń tọrọ àforíjì ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó mọ Jamila tí kì í gbé òwú àti abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀. Èyí tó wá gbà á lọ́kàn jù ni obìnrin kékeré tó ń gbé ìwé pupa kiri. Ó ní, “Èyí tó níwèé pupa yẹn kì í gbà kí wọ́n fi òun ṣeré.”

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn ni mo fi ń wo Pik-Sen Lim láti ọjọ́ náà. Mao, olórí ilẹ̀ Ṣáínà nígbà kan, ló ni ọ̀rọ̀ inú ìwé pupa, Vince Powell ló fi “l” sí i lẹ́nu, wọ́n sì ní kó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Ṣáínà, kó máa bá Taro ará Jàpáàn ṣe gbólóhùn asọ̀. Gbogbo ìyẹn, wọ́n fún un ni. Ọ̀nà tó gbà ń di ìwé náà mú ni ẹnikẹ́ni kò fún un. Bí Taro bá ti sọ̀rọ̀ tó kan án lára, ìwé á ti dé òkè, ọrùn á nà, ojú kò ní ṣẹ́. Bí gbogbo kíláàsì bá ń rẹ́rìn-ín, òun kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, torí pé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún ẹni tó ń ṣe. Tún lọ wò ó nígbà tí kò bá kàn án láti sọ̀rọ̀, tí ẹlòmíràn ń sọ tirẹ̀: ó ń gbọ́ ni. Òṣèré púpọ̀ wà tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ kò bá ti sí lẹ́nu wọn, wọ́n ti sùn. Òun kì í sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kì í ṣe ọmọdé. Ó ti bímọ, ó ti sin òkú, ó ti ra, ó ti tà, kó tó wá jókòó síwájú rẹ láti kọ́ A, B, D. Ohun tí mo rí lára Su-Lee nìyẹn. Àwọn tó kọ eré fẹ́ ká fi ahọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún orí rẹ̀. Sọ ìyẹn fún ọmọ rẹ. Kí ẹ jọ jókòó wò ó, kó máa fi ibi tó burú hàn ọ́, kí ìwọ náà máa fi ibi tó dára hàn án.

Kó tó di pé ọdún yẹn parí, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ra ìwé kékeré kan ẹlẹ́yìn pupa. Ó ní òun náà fẹ́ ní tòun. Orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ló ń kọ síbẹ̀.

*

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní Mr Brown di awakọ̀ takisí? Àti pé ta ló kù nínú wọn? — Òkè-Àdó

Lóòótọ́ ni. Barry Evans ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ eré gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì wa takisí kó tó kú lọ́dún 1997, ẹni ọdún 53 péré. Dino Shafeek tó ṣe Ali ti kú ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1984. Albert Moses tó ṣe Ranjeet kú lọ́dún 2017. N kò fẹ́ máa ka òkú lọ bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run dá àwọn tó ṣẹ́ kù sí.

*

Ẹ kú ojúmọ́ o, Màmá. Ẹni ọdún 24 ni mí, mi ò bá yín wo eré ayé ìgbà yẹn. Ìyá mi ló ń sọ nípa Su-Lee ṣáá. Ṣé ó ṣe fíìmù kankan tí èmi náà lè ti rí? — Ọmọ yín, Bódìjà

Ó ṣeé ṣe kó o ti rí i, ọmọ mi, kó o má mọ̀ pé òun ni. Ṣé o wo Johnny English Reborn, ti Rowan Atkinson, tó jáde lọ́dún 2011? Ìyá arúgbó tó múra bí agbálẹ̀, tó fi ìbọn pamọ́ sínú ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, tó ń lé Johnny English kiri láti pa á: òun nìyẹn. Nínú fíìmù yẹn, gbogbo ìyá arúgbó tí Johnny bá rí lẹ́yìn náà ló ń fura sí, títí tó fi lọ gbá ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú, tó ní apànìyàn ni! Wọn kò tilẹ̀ fún un lórúkọ níbẹ̀. Agbálẹ̀ apànìyàn ni wọ́n kàn pè é. Inú bí mi díẹ̀ nígbà tí mo rí ìyẹn, torí ó ti lé ní ogójì ọdún nídìí iṣẹ́ eré nígbà náà.

Èmi àti ọmọ-ọmọ mi la jọ wò ó. Òun ń rẹ́rìn-ín Johnny, èmi ń wo agbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò sí lẹ́nu rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, irun ti funfun. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé ọrùn nà tó sì tẹjú mọ́ ẹni tó fẹ́ pa, mo mọ ọrùn yẹn. Mo ní kí ọmọ náà dá fíìmù dúró. Ó ní, “Kí ló dé, Màmá?” Mo ní kó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a padà fún mi.