Ìṣáwùrú kún táǹkì ẹja mi: ṣíbí oògùn mélòó ni kí n dà sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Mo ní táǹkì ẹja onígíláàsì tó gba omi lítà 60. Ẹja kéékèèké 12 ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú edé mẹ́fà, mo sì gbin ewéko síbẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo mú òṣíbàtà àti ojú oró wá láti etí odò Ọ̀yán. Láti ìgbà náà ni ìṣáwùrú wẹ́wẹ́ ti gba gbogbo ara gíláàsì, wọ́n sì ti ń dá ihò sí ewéko mi lára. Ẹni tó ń ta ẹja fún mi ní kí n lo kọ́pà súlféètì. Mo ti rà á, àmọ́ kò sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún mi. Ṣíbí mélòó ni?

ÌDÁHÙN: Kò sí ṣíbí kankan. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìgò yẹn sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó o, kí ẹ tó wá ka ìyókù.

Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnì kẹrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi lóṣù yìí, orúkọ oògùn nìkan ló ń yàtọ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan bu iyọ̀ sí i, wọ́n ní kí ẹlòmíràn da Hypo sí i. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ní kó ju ọmọ ẹja àrọ̀ méjì sínú rẹ̀. Àrọ̀ á jẹ ìṣáwùrú lóòótọ́. Á jẹ edé, á jẹ ẹja tó kù, tó bá yá á wá máa wo ọwọ́ yín.

Ká tún ọ̀rọ̀ ewéko yẹn ṣe ná. Àwọn ìṣáwùrú wẹ́wẹ́ wọ̀nyí kọ́ ló dá ihò sí i. Ahọ́n wọn rí ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò, ohun tó bá ti rọ̀ ni wọ́n máa ń họ jẹ: ewé tó ti ń kú, oúnjẹ tí ẹja jẹ kù, àti nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára gíláàsì. Ewé tó bá le, tára rẹ̀ sì dá, kò ṣeé họ fún wọn. Ihò wẹ́wẹ́ lára ewé àgbà sábà máa ń jẹ́ àmì pé potásíọ̀mù, oúnjẹ ewéko kan, kò tó nínú omi. Ewéko tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu lódò, ewé rẹ̀ àtijọ́ á kọ́kọ́ rà kí tuntun tó yọ. Ìṣáwùrú kàn wá bá òkú nílẹ̀ ni, ẹ wá ń pè é ní apànìyàn. (Àwọn ńlá kan wà tó tóbi bí ìkúùkù ọmọdé tí wọ́n máa ń jẹ ewé tútù, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lẹ sọ pé ẹ ní.)

Ó wá ku oògùn. Kọ́pà súlféètì ni òkúta aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń pò fín kòkó, kí èso má baà dúdú kó sì jẹrà. Bàbà ló wà nínú rẹ̀, bàbà sì ń pa ìṣáwùrú, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí ẹni tó ní kí ẹ rà á kò sọ fún yín ni àwọn tí yóò kọ́kọ́ pa. Edé mẹ́fà yẹn ni yóò ṣáájú, torí ìwọ̀n tí ẹja lè fara dà ti pọ̀ jù fún edé. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa kan ẹja, nítorí bàbà ń ba ẹran pupa abẹ́ etí ẹja, tí ẹja fi ń mí, jẹ́. Bí omi bá ṣe fẹ́lẹ́ tó, ìyẹn omi tí kò ní ẹfun púpọ̀ nínú bí omi òjò, bẹ́ẹ̀ ni májèlé náà ṣe ń le sí i. Ìwọ̀n tí ẹnì kan lò tí ẹja rẹ̀ kò kú lè pa tiyín tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kọ iye ṣíbí kankan síbí, ẹ má sì pè mí béèrè.

Àwọn ìṣáwùrú fúnra wọn ńkọ́? Irú èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìṣó, tó máa ń rì sínú iyanrìn lọ́sàn-án, ní ìdérí lẹ́nu. Bó bá ti gbọ́ òórùn májèlé, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn tí kò ní ìdérí ń lẹ ẹyin wọn mọ́ abẹ́ ewé nínú nǹkan kan tó ń yọ̀ bí ilá, oògùn kì í sì í ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá wá kú nínú wọn, abẹ́ iyanrìn ni yóò jẹrà sí. Ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ìṣáwùrú bá jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà nínú omi lítà 60, amóníà, májèlé tó ń ti ara ohun tó jẹrà jáde, á ru sókè, bakitéríà inú fílítà tó máa ń jẹ ẹ́ run kò ní lè kápá rẹ̀. Ká wá ní NEPA mú iná lálẹ́ ọjọ́ náà, tí fílítà dúró! Ẹja á máa já èémí lókè omi, ẹ̀yin á sì rò pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́ lára ìṣáwùrú. Bàbà yẹn kò sì ní bá omi tí ẹ dànù lọ tán, ó máa ń dì mọ́ iyanrìn. Ẹ lè ra edé mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kó tún kú, kẹ́ ẹ wá máa bú ẹni tó tà á.

Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá sì kù, a tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú táǹkì, Physa, akọ ni, abo sì ni, ó lè dá ẹyin tirẹ̀ yé. Irú tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ní tirẹ̀ kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí láìrí akọ. Oúnjẹ tó wà nínú omi ló ń pinnu iye wọn. Ẹ fi oúnjẹ ẹni mẹ́wàá sílẹ̀, ẹni mẹ́wàá á wá jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kàn fẹnu bà lọ, òun ló dẹ́rù bà mí jù: odò Ọ̀yán. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ìsédò Ọ̀yán ní 1983, ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti rí àtọ̀sí ajá, èyí tí èèyàn fi ń tọ ẹ̀jẹ̀, ní àwọn abúlé tó wà létí rẹ̀. Inú ìṣáwùrú kan tó ń jẹ́ Bulinus ni kòkòrò rẹ̀ ti ń dàgbà, á wá jáde sómi, á sì gba awọ ara èèyàn wọlé. Kò dìgbà tí ẹ bá mu omi náà. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ mú ìkarahun kan, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Bí ẹnu náà bá wà lápá òsì yín, ó lè jẹ́ Physa tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ó sì lè jẹ́ Bulinus. Ojú lásán kì í sábà yà wọ́n. Àwọn pẹlẹbẹ bí kọ́bọ̀ náà ní ìbátan tó ń gbé irú àrùn yìí ti inú ìfun. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú táǹkì kò léwu, torí inú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ èèyàn ni ìṣáwùrú ti ń kó o, mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó ń tọ̀ sínú táǹkì yín. Àwọn tó bá òṣíbàtà wá láti odò ni mò ń sọ. Wọ́n lè máa tú kòkòrò náà sómi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, ìbọ̀wọ́ gígùn ni kí ẹ máa wọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ inú táǹkì, ẹ má sì fi ẹnu fa rọ́bà omi mọ́. Ẹ kó ewéko odò yẹn jáde, kí ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Ẹja ni mò ń tọ́jú, èmi kì í ṣe dókítà èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ ti ń ti ọwọ́ bọ omi yẹn láti oṣù méjì. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún wọn. Oògùn rẹ̀, praziquantel, wà, àmọ́ kí dókítà kọ ọ́ fún yín.

Fún àwọn tó kù nínú omi, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí kùkúmbà tó láti fi dẹ wọ́n. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi sórí àwo kékeré, kí ẹ gbé e sísàlẹ̀ táǹkì nígbà tí ẹ bá pa iná lálẹ́. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ gbé àwo náà jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó bò ó. Ẹ ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ẹyin tó wà nílẹ̀ ṣì máa pa. Èyí tẹ́ ẹ bá kó, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ má dà á sí góńtà láàyè. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni kí ẹ máa fún ẹja lóúnjẹ, ìwọ̀n tí wọ́n á jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ fo ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹja tó sanra kì í kú nítorí ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ búrẹ́dì lẹ̀ ń rún sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró lónìí. Ẹ máa gé ewé tó ti pọ́n, kí ẹ sì fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ojú iyanrìn nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi.

Ìṣáwùrú apẹran, tó ń jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, wà, ó sì dára bí ẹ bá rí i rà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá. Ẹja clown loach tí wọ́n máa ń tà fún iṣẹ́ yìí lè gùn tó sẹ̀ntímítà 30. Lítà 60 kò lè gbà á.

Ewéko mìíràn tí ẹ bá rà, ẹ fi álọ́ọ̀mù sínú omi nínú garawa, ṣíbí ìjẹun kan fún lítà mẹ́rin, kí ẹ rẹ ewéko náà sínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ ṣàn án dáadáa kó tó wọ táǹkì. Ẹ kọ́kọ́ dán ewé kan wò, torí àwọn kan máa ń rà.

Ìgò kọ́pà súlféètì yẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ní kí ẹ rà á. Bí kò bá gbà á, ẹ fún àgbẹ̀ kòkó tó mọ̀ ọ́n lò.