Ìbọn Ìléwọ́ Kékeré Nínú Àpò Ṣòkòtò: Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé Àti Ìdáhùn Wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti gba ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn ìléwọ́, òfin ibi tí mo ń gbé sì fàyè gbà á kí ó wà lábẹ́ aṣọ níbi tí ojú kò ti ní tó o. Irú aṣọ tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò jẹ́ kí n lè so ó mọ́ ìbàdí, ìdí nìyí tí mo fi ń wá èyí tí yóò wọ inú àpò ṣòkòtò. Ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ ṣàdédé dún mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní kí n mú èyí tó kéré jù lọ. Èwo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn gan-an ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, ẹ má fi kíkéré ìbọn ṣe é. Ìbọn tó wà nínú àpò ṣòkòtò kì í yé kọjú sí itan tàbí ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e, ìbáà jẹ́ pé ó ń rìn ni, ó jókòó ni, tàbí ó ń gun àtẹ̀gùn. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye ọta tó ń gbà, ẹ béèrè ohun tó lè mú un dún nígbà tí ẹ kò fẹ́. Ohun méjì ló sábà máa ń fà á: kí nǹkan kan fa tíríga, ìyẹn irin tí à ń fi ìka fà, tàbí kí ìbọn já bọ́ kí ohun tó ń lu ìdí ọta sì ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí kò tíì gbé ìbọn rí ni rìfọ́fà kékeré ọlọ́ta márùn-ún, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ ń wọ inú àwọn ihò irin roboto kan tó ń yí, tí wọ́n bo òòlù rẹ̀ (irin tó ń lu ìdí ọta) mọ́ inú, irú bíi Model 642 ti iléeṣẹ́ Smith & Wesson, tàbí LCR tí iléeṣẹ́ Ruger gbé jáde ní 2009. Òòlù tó yọ síta máa ń há mọ́ etí àpò nígbà tí a bá ń yọ ìbọn, ọwọ́ sì lè ṣèèṣì fà á sẹ́yìn, tí tíríga yóò sì fúyẹ́ lójijì. Èrò bíbo òòlù kì í ṣe tuntun rárá, nítorí pé láti nǹkan bí ọdún 1887 ni Smith & Wesson ti ń ta rìfọ́fà kan tí òòlù rẹ̀ fara pamọ́, tó sì tún ní irin kan lẹ́yìn ìdìmú tí àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ó tó lè dún.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìka lórí irú rìfọ́fà bẹ́ẹ̀. Model 642 kò wúwo tó ìdajì kílò, ṣùgbọ́n agbára tí ìka yóò fi fa tíríga rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 5, ọ̀nà tí tíríga náà yóò sì rìn kí ìbọn tó dún gùn. Ẹni tó bá fà á mọ̀ dájú pé òun ń fà á. Ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ pẹlẹbẹ òde òní, èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń wọ inú ìdìmú, kò gbà ju nǹkan bíi kílò 2 àbọ̀ sí 3 lọ, ìrìn tíríga wọn sì kúrú. Tíríga bẹ́ẹ̀ dára lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ ìbọn yìn dáadáa. Nínú àpò ọlọ́wọ́ titun, mo kà á sí ewu.

Ní ti jíjá bọ́, rìfọ́fà òde òní tí iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣe ní ìdènà nínú, tí òòlù kò fi lè kan ọta àyàfi bí ìka bá fa tíríga délẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ kò ní i, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ayìnbọn fi máa ń fi ihò kan sílẹ̀ lófo lábẹ́ òòlù. Ẹ má ṣe gbé ìbọn àjogún kéékèèké tàbí àwọn ìbọn alágbàá méjì ayé àtijọ́ sínú àpò, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Òmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ ní irin tó yí tíríga ká. Ìbọn titun pàápàá lè ní àbùkù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, Ruger pe àwọn àkọ́kọ́ tó ti tà nínú ìbọn pẹlẹbẹ kékeré rẹ̀ tó ń jẹ́ LCP padà, nítorí pé wọ́n lè dún bí wọ́n bá já bọ́ nígbà tí ọta wà nínú àgbá, ó sì tún wọn ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìbọn àlòkù, ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é bóyá wọ́n ti pe irú rẹ̀ padà rí.

Èmi kò fara mọ́ ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí ẹ mú èyí tó kéré jù lọ. Bí ìbọn ṣe ń fúyẹ́ sí i ni ó ń gbá ọwọ́ sí i, bí ìdìmú sì ti ń kúrú ni ìka ń wá ibi tí yóò dì mú tì. Ẹ lọ sí pápá ìdánrawò, kí ẹ yá irú èyí tí ẹ ń gbèrò, kí ẹ sì yìn ín tó àádọ́ta ọta. Bí ọwọ́ yín bá ti ń gbọ̀n tàbí tí ojú yín ń pa dé kí ó tó dún, ẹ wá èyí tó wúwo díẹ̀ sí i, nítorí pé ìbọn tó ń dun ni lọ́wọ́ kì í jẹ́ kí a fi dánra wò.

Àkọ̀ ìbọn wá ń kọ́? Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí ju gbogbo ìyókù lọ. Kò sí ìbọn kan, ìbáà jẹ́ rìfọ́fà olóòlù bíbò, tó gbọ́dọ̀ wọ inú àpò láìsí àkọ̀. Àkọ̀ náà gbọ́dọ̀ bo tíríga pátápátá, kí ó le débi tí ẹ kò fi ní lè fi ìka tẹ tíríga láti ìta rẹ̀. Kí ara rẹ̀ sì rí ṣákiṣàki, kí ó lè dúró sínú àpò nígbà tí ìbọn bá ń jáde. Àpò tí ìbọn wà kò gbọ́dọ̀ ní nǹkan mìíràn nínú: kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe owó ẹyọ, kì í ṣe bíírò. Bí ẹ bá fẹ́ dá ìbọn padà, ẹ má ṣe tì í bọ inú àkọ̀ tó wà lára yín, torí pé itan yín ni ẹnu rẹ̀ yóò kọjú sí. Ẹ yọ àkọ̀ náà síta, ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ẹ na ìka gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, ẹ tì í wọ inú àkọ̀, kí ẹ tó wá kó méjèèjì sínú àpò. Bí ó bá sì ń já bọ́, ẹ jẹ́ kí ó balẹ̀. Ọwọ́ tó bá sáré gbá a mú lófuurufú lè lọ bá tíríga.

Òwú àti eruku àpò máa ń wọ ẹnu ìbọn ju bí a ti rò lọ. Ẹ máa tú ọta sílẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì nù ún lóòrèkóòrè.

ÌBÉÈRÈ: Ìbọn pẹlẹbẹ ni èmi ti rà ní tèmi, kò sì ní ìdènà tí a ń fi àtàǹpàkò tì. Ṣé kí ọta máa wà nínú àgbá rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Títí olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò fi rí i pé ìka yín kò lọ sórí tíríga láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ yìn ín, ẹ fi àgbá sílẹ̀ lófo. Mo mọ̀ pé ó ní ohun tó gbà lọ́wọ́ ẹni: ọwọ́ méjì ni yóò ti ọta wọlé nígbà ewu, ó sì lè jẹ́ ọwọ́ kan ló ṣófo. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi ẹ̀kọ́ náà falẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: bí ẹ bá ń ti ọta kan náà wọ àgbá tí ẹ ń yọ ọ́ lójoojúmọ́, orí rẹ̀ lè wọ inú kòròfo rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, agbára rẹ̀ yóò sì le ju ohun tí ìbọn lè gbà. Ẹ fi í wé ọta titun. Bí ó bá ti kúrú jù ú, ẹ má ṣe yìn ín mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn ọmọ kéékèèké wà nílé wa. Orí kọ́bọ́ọ̀dù gíga ni ọkọ mi máa ń fi tirẹ̀ sí tó bá bọ́ ṣòkòtò. Ṣé ó tó?

ÌDÁHÙN: Kò tó, ìyá wa. Ọmọ mọ àga gùn. Àpótí irin kékeré tó ní àgádágodo, tí a dè mọ́ ohun tí kò ṣeé gbé, ni kí ó máa bọ́ sí ní kété tó bá ti kúrò nínú àpò, kí ìbọn àti àkọ̀ rẹ̀ jọ wọlé pọ̀ láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìbọn síta. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síbi tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀.