Shinjuku ní Tokyo: ẹ mọ ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀

Ìbéèrè: Iléeṣẹ́ wa ń rán mi lọ sí Tokyo fún ọ̀sẹ̀ méjì, Shinjuku ni hòtẹ́ẹ̀lì mi wà. Gbogbo ẹni tó ti dé ibẹ̀ ló ń sọ pé mo máa sọnù ní ibùdókọ̀ ojú irin wọn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni àdúgbò náà ṣe rí, kí ni kí n sì ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Ojú irin ló la Shinjuku sí méjì, ibẹ̀ ni wàhálà àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibùdókọ̀ náà, tí wọ́n ṣí ní 1885, ni ìwé Guinness kà sí èyí tí èrò ń gbà jù lágbàáyé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì lé ní 200. Ẹni tó bá kàn tẹ̀ lé èrò jáde lè bá ara rẹ̀ ní òdìkejì ibi tó ń lọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì yín jù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Nishi-guchi ni ti ìwọ̀-oòrùn, Higashi-guchi ni ti ìlà-oòrùn, Minami-guchi ni ti gúúsù. Pátákó aláwọ̀ ìyeyè ló ń júwe wọn.

Tí ẹ bá ṣi ẹ̀gbẹ́ jáde, ẹ má wulẹ̀ rìn yípo. Láti 2020 ni ọ̀nà gbalasa kan ti wà lábẹ́ ojú irin tó so ìlà-oòrùn pọ̀ mọ́ ìwọ̀-oòrùn, ẹ kò sì nílò tíkẹ́ẹ̀tì láti gba ibẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra o: Seibu-Shinjuku, Nishi-Shinjuku àti Shinjuku-sanchome, ibùdókọ̀ ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn.

Ìwọ̀-oòrùn ni ilé gogoro àti ọ́fíìsì pọ̀ sí. Títí di 1965, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sẹ́ omi ẹ̀rọ fún ìlú. Nítorí kòtò ńláńlá tí omi náà wà tẹ́lẹ̀, títì kan ń gba orí òmíràn kọjá níbẹ̀ dòní. Fóònù yín lè ní ẹ ti dé, kó jẹ́ pé òkè orí yín ni ẹnu ọ̀nà ilé náà wà; àtẹ̀gùn ni kí ẹ wá. Ẹ má ṣàìgun ilé ìjọba ìlú Tokyo, tó ga ní mítà 243. Ọ̀fẹ́ ni gígun àjà 45 láti wo ìlú, wọ́n á kàn yẹ báàgì yín wò. Láàárọ̀ ìgbà òtútù, tí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ ó rí òkè Fuji.

Ìlà-oòrùn ni ti ọjà àti fàájì. Ní Kabukicho, àdúgbò fàájì tó wà níbẹ̀, tó bá di alẹ́, ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ń pè yín wọlé ọtí lójú títì, bó ti wù kó lẹ́nu dídùn tó. Iye tó bá pè níta kọ́ ni wọ́n máa kọ sí bíìlì: wọ́n á fi owó ìjókòó àti àwọn owó mìíràn kún un. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ Shinjuku ka irú ìpè bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ibi tí wọ́n bá lẹ iye owó mọ́ ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ wọ̀.

Ọgbà Shinjuku Gyoen wà nítòsí, yẹ́ẹ̀nì 500 ni àgbàlagbà ń san. Wọn kì í sábà ṣí i lọ́jọ́ Ajé, ẹ má sì gbé ọtí wọ ibẹ̀.

Bí ẹ bá jáde lọ sí àdúgbò mìíràn lálẹ́, ẹ wo àkókò ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn. Ó sábà máa ń lọ kí aago kan òru tó lù, kò sì sí òmíràn títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Tákísì ló kù nígbà náà, wọ́n sì ń fi ìdá kan nínú márùn-ún owó ọkọ̀ lé e láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago márùn-ún ìdájí.