Mo Ti Kú Kí N Tó Gbọ́ Ìbọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. PS5 ni ẹ̀rọ géèmù tí mò ń lò. Bọ́ọ̀lù lèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gbá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí ni mo wọ ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe ìdíje géèmù ìbọn. Wọ́n ní ohùn mi kì í já geere, èmi náà kì í sì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra headset tí wọ́n kọ 7.1 sí lára, ìyẹn èyí tí wọ́n ní ohùn ń wá láti ìhà gbogbo. Òmíràn ní kí n kúkú so headset Bluetooth tí mo fi ń gbọ́ orin mọ́ ọn. Àbúrò mi ní Xbox, mo sì fẹ́ ká jọ máa lo ẹyọ kan. Kí ni kí n ṣe?
Agbábọ́ọ̀lù Òru

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Bluetooth kúrò nílẹ̀, torí ó ti fojú mi rí màbo. PS5 kì í gba headset Bluetooth, Xbox náà kì í gbà á. Nintendo Switch bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́dún 2021, síbẹ̀ kò jẹ́ kí máìkì rẹ̀ ṣiṣẹ́. Èmi fi agídí so tèmi mọ́ tẹlifíṣàn. Ó dún lóòótọ́, àmọ́ mo ti máa ń kú kí ìró ìbọn tó pa mí tó dé etí mi! Bluetooth ní láti fún ohùn pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, kí headset tún wá tú u sílẹ̀. Ìdá kan nínú ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan lè bá a lọ. Ìyẹn ò ba orin jẹ́. Nídìí ìbọn, ó tó pa èèyàn.

Oníwáyà ni kó o rà. Ihò 3.5mm wà lára páàdì PS5, ó wà lára ti Xbox náà, àfi àwọn páàdì Xbox One tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 2013. Ẹyọ kan á sin ẹ̀yin méjèèjì, kò sì ní í gba ṣájì. Bó o bá kórìíra wáyà, wá èyí tó ní USB kékeré tirẹ̀ tó ń fi ìgbì rédíò 2.4GHz gbé ohùn, ìyẹn yá. Ṣùgbọ́n ti PS5 kì í sábà bá Xbox sọ̀rọ̀. Ka ara páálí, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tajà.

7.1 yẹn ńkọ́? Ẹ̀rọ ohùn méjì péré ló sábà máa ń wà nínú wọn, ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ló kù, òun ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ohùn ń wá láti ìhà gbogbo. PS5 fúnra rẹ̀ ń ṣe ìṣirò yẹn fún headset èyíkéyìí, Tempest ni wọ́n pè é. Xbox ní Windows Sonic, ọ̀fẹ́ ni. Bó o bá tan ti headset lé ti ẹ̀rọ lórí, ẹsẹ̀ ọ̀tá á máa dún bí ẹni ń rìn nínú agolo.

Ohun tí mi ò lè fojú kéré ni ìwúwo. Mo máa ń lo gíláàsì. Headset tí mo kọ́kọ́ rà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 gíráàmù, kò sì ju wákàtí kan lọ tí apá gíláàsì mi á ti máa wọ ẹran lókè etí. Èyí tí mò ń lò báyìí ò ju 250 lọ, aṣọ ni tìmùtìmù rẹ̀, kì í ṣe awọ tó ń mú etí làágùn. Gbé èyí tó o fẹ́ rà sórí pẹ̀lú gíláàsì rẹ, bó o bá ń lò ó, fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó o mirí dáadáa. Yẹra fún èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ohùn géèmù á máa jò, máìkì rẹ á sì máa gbé e.

Ní ti ohùn rẹ, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ẹ̀bi headset rárá. Earphone fóònù tó ní máìkì tó fún bọ́ọ̀lù. Kì í bá páàdì jà. Kì í ṣe iwájú ẹnu gan-an là ń fi máìkì sí, èémí á máa fẹ́ sí i. Gbé e sí igun ẹnu, kó fi ìka méjì jìnnà, kó o wá bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lálẹ́ òní bóyá wọ́n ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní rárá, ìgbà yẹn ni kó o tó lọ náwó.