Ohun ìdíhò tó rùn bí ọtí kíkan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Silicone, ohun ìdíhò tó máa ń dì bíi rọ́bà, ni mo fi dí àlàfo tó wà láàárín férémù fèrèsé àti ògiri sìmẹ́ǹtì. Kò pé ọdún kan tó fi ṣí kúrò lára ògiri bí ìgbà tí ejò bá bọ́ awọ. Síbẹ̀ ó ṣì ń nà bíi rọ́bà, èyí tó wà lára gíláàsì kò sì mira. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì bú ẹni tó tà á. Nígbà tí ẹ ń fún un jáde, ǹjẹ́ kò rùn bí ọtí kíkan? Ásíìdì inú ọtí kíkan gan-an ló ń tú jáde bó ṣe ń dì. Gíláàsì kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹfun wà nínú sìmẹ́ǹtì, bí ásíìdì bá sì kàn án, iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú (kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o) ni wọ́n máa ń dà. Iyọ̀ yẹn ni silicone yín dì mú, kì í ṣe ògiri. Ẹ yí ẹ̀yìn èyí tó ṣí wò, bóyá ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun. Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí: nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fi irú rẹ̀ dí ojú ìpàdé páànù tí wọ́n fi zinc bò. Ìpẹtà funfun ló kí mi káàbọ̀.

Pé ó ṣì ń nà kò yà mí lẹ́nu. Silicon (èròjà inú yanrìn) àti ọ́síjìn ló so kọ́ra nínú ẹ̀wọ̀n silicone, agbára tó lè já ìdè wọn sì tó nǹkan bíi 450 kJ fún móòlù kan (kJ ni ìwọ̀n agbára, móòlù ni òdiwọ̀n iye ìdè). Ti kábọ́ọ̀nù mọ́ kábọ́ọ̀nù kò ju bíi 350 lọ, bẹ́ẹ̀ UV oòrùn (ìtànṣán tí ojú kì í rí) tó mú jù tó ń dé ilẹ̀ ń gbé nǹkan bíi 400 bọ̀. Ìdí kan nìyẹn tí polyurethane, irú ohun ìdíhò mìíràn tó gbójú lé kábọ́ọ̀nù, fi ń pọ́n, tí ojú rẹ̀ á sì sán wẹ́wẹ́ nínú oòrùn. Àmọ́ ó mọ sìmẹ́ǹtì dì mú, ó sì gba ọ̀dà, ohun tí silicone kì í gbà.

Ẹ ha ti àtijọ́ kúrò pátá, torí tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó. Ẹ fọ ìyẹ̀fun náà, kí ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá ra silicone tí wọ́n kọ “neutral” sí lára, ìyẹn èyí tí kì í tú ásíìdì yẹn jáde. Mílímítà 2 sí 3 ló sábà máa ń dì lójúmọ́, láti òde wọnú, nítorí náà ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.